Aṣọ wo ni kí n rà fún omi tútù Skọ́tláǹdì: wetsuit ni àbí drysuit?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín kí n tó ná owó bàbá mi. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, mo sì ti rí àyè láti lọ gba oyè kejì ní Skọ́tláǹdì, lórí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun. Oṣù Kẹsàn-án ni mò ń lọ. A ó máa wọ etí òkun láti kó nǹkan tí a fẹ́ yẹ̀ wò, a ó sì máa fi kayak lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké. Kayak ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan ń jókòó sínú rẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ tù ú. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní kí kálukú mú wetsuit tàbí drysuit tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sọ èyí tó yẹ kí n mú.

Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó tutù jù tí mo tíì wọ̀ ni Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, n kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí eyín mi fi ń lu ara wọn. Owó kòkó ni bàbá mi fi ń rán mi lọ. Drysuit tí mo rí lórí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin owó wetsuit. Ṣé ìyàtọ̀ àárín wọn tó owó yẹn?

Ọmọ Ọbòkun, Aberdeen

Àbúrò mi, o kú oríire. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ó ti pé ọdún 11 tí mo ti wà níbí, ọdún 7 nínú rẹ̀ ni mo sì fi ń tu kayak. Bí o bá máa wọ omi láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Karùn-ún, drysuit ni. Bó bá jẹ́ àárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án nìkan ni, wetsuit tó nípọn tó mìlímítà 5 á tó ọ.

Wetsuit kì í dènà omi. Rọ́bà onífóòmù tí wọ́n ń pè ní neoprene ni, ó kún fún ihò tíntìntín tí afẹ́fẹ́ há sí. Afẹ́fẹ́ inú fóòmù yẹn ló ń dá ooru ara dúró. Omi díẹ̀ á wọlé, á lọ́wọ́ọ́rọ́ lára rẹ, á sì jókòó síbẹ̀, bí aṣọ náà bá lẹ̀ mọ́ ọ dáadáa. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọ, omi tútù á máa wọlé, èyí tí ara rẹ ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́ á máa jáde. Ṣe ni o kàn ń fi ara rẹ yáná fún òkun.

Drysuit kò gba omi láyè rárá. Rọ́bà fẹ́lẹ́ fún un lọ́rùn àti lọ́rùn-ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, síìpù rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà wá nìyí: èyí tí àwa oníkayak ń lò kì í mú ènìyàn móoru fúnra rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ òjò. Ohun tí o bá wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ooru. Ẹni tó wọ drysuit lé síńgílẹ́ẹ̀tì lórí nínú oṣù Kejì, òtútù á mú un gidigidi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni, nínú oṣù Kẹrin. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ènìyàn ń jẹ áísìkiriìmù létí omi. Mo wọ wetsuit mìlímítà 3, mo ní ó ti tó. Ọkọ̀ mi dojú dé láàárín adágún. Kí n tó rí ọkọ̀ dì mú, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó fà mí dé èbúté, bí ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Mo dìde dúró, mo rò pé ó parí. Mo fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú àpò, ìka mi kò ká. Mò ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹnìkejì mi ló ṣí fúláàsì tíì, ó di ife náà mú sí mi lẹ́nu bí ìyá tó ń fún ọmọ lẹ́kọ.

Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé omi kì í bá oòrùn rìn pọ̀. Òkun ibí kì í ju dígírì 13 tàbí 14 lọ nígbà tó bá móoru jù, ìyẹn nínú oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án. Oṣù Kejì àti Ìkẹta ló máa ń tutù jù, á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 6 sí 8. Nínú oṣù Kẹrin, afẹ́fẹ́ ti ń ṣẹ̀tàn, omi ṣì wà ní àárín òtútù. Omi ni kí o máa múra fún, má múra fún oòrùn.

Màmá Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ọmọ yìí kò lè ṣe ìwé rẹ̀ kó má wọ omi náà rárá? Mo tún gbọ́ pé bí omi bá ráyè wọ inú èyí tí kì í gba omi yẹn, á kún, á sì fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀.

Tísà Físíìsì (Iléṣà)

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ti pé á fà á lọ sísàlẹ̀ yẹn, ẹ ti fi ọwọ́ yín dán an wò láìmọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fa omi nínú kànga, tí garawa ti kún ṣùgbọ́n tó ṣì wà lábẹ́ omi, ṣé ó wúwo? Ọwọ́ kan ni ẹ fi ń mì í. Ìgbà tó bá yọ lójú omi ni ìwúwo rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí omi kún: nínú omi, omi inú rẹ̀ kò wúwo. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òtútù á dé bá a kíákíá, yóò sì ṣòro fún un láti gun ọkọ̀ padà. Wetsuit tàbí drysuit, life jacket gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìkankan nínú aṣọ méjèèjì kò rọ́pò rẹ̀.

Omi máa ń fa ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n tí odò ọyẹ́ kan náà á lé yín jáde kíá. Ẹni tó ronú kan wetsuit gan-an, onímọ̀ físíìsì bíi tèmi ni: Hugh Bradner, ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní nǹkan bí 1951 sí 1952. Ohun tó rí ni pé kò pọndandan kí ara gbẹ kó tó móoru, bí afẹ́fẹ́ bá ti há sínú aṣọ náà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ẹni tó bá ń rì lọ sísàlẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ òkun, omi á tẹ fóòmù náà pọ̀. Ní mítà 10, ìtẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, àwọn ihò afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀, wetsuit náà sì ti fẹ́lẹ́. Drysuit àwọn tó ń rì bẹ́ẹ̀ ní ẹnu tí wọ́n ń gbà fún un ní afẹ́fẹ́, ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí oníkayak ń wọ̀. Àbúrò, má ra èyí dípò ìyẹn.

Ọmọ Ifẹ̀, Halifax

Mo fẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n Aberdeen díẹ̀. Kánádà ni mo wà, wetsuit ni mò ń wọ̀ lọ́dọọdún, àní nígbà tí yìnyín bá wà létí òkun. Ìgbì ni mò ń gùn, mò ń lúwẹ̀ẹ́ púpọ̀. Drysuit fẹ̀, ó máa ń fa ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn. Ohun kejì: bí wetsuit bá ya níbi kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí rọ́bà ọrùn drysuit bá já, ọjọ́ náà ti tán. Bí o bá lè rí wetsuit mìlímítà 6 tó ní fìlà lára, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rẹ̀, o ti bọ́.

Ọmọ Ọbòkun, Aberdeen

Òótọ́ lo sọ fún ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ tí kò dúró. Iṣẹ́ tó ń ṣe ń mú ara rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú kayak, ara rẹ̀ wà lókè omi, aṣọ rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i fún wákàtí mẹ́rin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi aṣọ tútù bo ìkòkò omi kí omi inú rẹ̀ lè tutù, òun gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dojú dé tí òtútù fi ń mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ Lágere, wo bí iṣẹ́ yín á ṣe rí: ìlúwẹ̀ẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ni, àbí ìjókòó àti ìdúró?

Ẹ̀rí mìíràn rèé. Àwọn òṣìṣẹ́ epo tó ń ti Aberdeen wọ hẹlikópítà lọ sórí òkun, aṣọ tí kì í gba omi ni wọ́n ń wọ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbéra, nítorí bí wọ́n bá bọ́ sínú omi, dídúró de olùgbàlà ni iṣẹ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì Ẹnuwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera, ó kàn mí lọ́kàn gidigidi. Àwọn ènìyàn rò pé òtútù ara ló ń kọ́kọ́ pa ẹni tó já sínú irú omi yìí. Èémí ni. Bí omi bá tutù ju dígírì 15 lọ, bí ara bá ṣe kàn án lójijì, ènìyàn á fa èémí kanlẹ̀ láìfẹ́, àyà á sì máa sáré. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi lákòókò náà, omi ló máa fà sínú. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, ti sọ ọ́ di òǹkà tí kò ṣòro rántí: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú 1 láti kó èémí rẹ jọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì lè ṣe ohun tó nítumọ̀. Nǹkan bí wákàtí 1 kí òtútù tó gba ọpọlọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìka ẹ̀gbọ́n Aberdeen, ìṣẹ́jú 10 rẹ̀ ló ti tán.

Nítorí náà, bí o bá já sínú omi, má bẹ̀rẹ̀ sí lu omi. Dojú sókè, jẹ́ kí life jacket gbé ọ, mí títí èémí á fi padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni kí o lo ọwọ́ rẹ.

Mo sì bẹ̀ yín, àṣà ilé wa kan kò dára níbẹ̀. Bí a bá rí ẹni tí òtútù mú, a ó fẹ́ fi àdí tàbí òróró ra á lára kíkan, a ó tún fún un ní ògógóró kí ara rẹ̀ lè yá. Ẹ má ṣe é. Ọtí ń la òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ, ooru tó ṣẹ́kù nínú ikùn á sá jáde. Fífi agbára ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ tútù padà sí ọkàn. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò, ẹ wé e ní aṣọ gbígbẹ, ẹ bo orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, bó bá mọ ara rẹ̀ kó mu ohun gbígbóná tó dùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, tàbí tí kò gbọ̀n mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lágere

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n Aberdeen, mo kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Kayak àti ìdúró nínú omi tó dé orúnkún ló pọ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ kò tó nǹkan. Wọ́n tún sọ pé àwọn ní drysuit mélòó kan tí àwọn ń yá ọmọ ilé ìwé fún sáà àkọ́kọ́.

Ọmọ Ọbòkun, Aberdeen

Owó bàbá rẹ ti sinmi nìyẹn. Yá tiwọn ná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wàá ti mọ ohun tí ara rẹ ń fẹ́, wàá sì lè ra àlòkù tó dára. Ṣùgbọ́n ra aṣọ abẹ́ tìrẹ.

Telọ̀ Ìjẹ̀ṣà

Aṣọ abẹ́ yẹn ni mo fẹ́ bá a sọ. Àbúrò, má fi òwú sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ àǹkárá, ì báà jẹ́ t-shirt. Òwú ń mu omi, àti òógùn náà, á sì dì í mú mọ́ ara rẹ. Irun àgùntàn tàbí fleece ni wọ́n ń wọ̀, nítorí bí ìwọ̀nyí bá tutù pàápàá, wọ́n ṣì ń dá ooru díẹ̀ dúró. Fleece kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà, òun ni wọ́n fi ń rán súwẹ́tà tó rọ̀ bí òwú yẹn. Mo lè rán an fún ọ ní àránpọ̀, láti ọrùn dé ọrùn-ẹsẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ má baà yọ bí o bá tẹ̀ síwájú tu ọkọ̀. Jókòó nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́. Ìwọ̀n ìdúró nìkan á jẹ́ kó fún ọ ní itan. Má jẹ́ kí ojú rírán pọ̀ lábẹ́ apá, á máa bó ọ.

Nípa wetsuit, ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó mọ̀ pé ara tiwa kì í sábà bá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i mu. Ìbàdí á fún, ẹ̀yìn á ṣófo. Ibi tó ṣófo ní ẹ̀yìn yẹn ni omi ń jókòó sí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Fọkanáísà Iléṣà

Ẹ kú ìjókòó o. N kò tíì rí drysuit sójú rí, ṣùgbọ́n rọ́bà ni iṣẹ́ mi láti kékeré, ohun tí ẹ ń sọ nípa ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ yé mi.

Rọ́bà ní ọ̀tá mẹ́ta: oòrùn, epo àti ohun mímú. Tíúbù tí mo bá fi kọ́ síta ṣọ́ọ̀bù, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan á ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ. Tíúbù kan náà tó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, ọdún mélòó kan kò ṣe é ní nǹkan. Àbúrò, má sá aṣọ náà sínú oòrùn. Fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, gbé e kọ́ sí òjìji, bó bá gbẹ tán kí o da páúdà sí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀. Ti epo ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin obìnrin á fẹ́ fi òrí pa ara nítorí òtútù ibẹ̀. Má fi òrí, àdí tàbí Vaseline kan ibi tí rọ́bà náà á gbé jókòó. Epo á mú un rọ̀, á wú, ọjọ́ kan ni wàá fà á, á já. Yọ òrùka, aago àti yẹtí kí o tó ki orí bọ̀ ọ́. Èékánná gígùn náà.

Bó bá ń jò tí o kò rí ibẹ̀, ṣe bí a ti ń ṣe sí tíúbù. Ki ìgò bọ ọwọ́ méjèèjì, ki ohun rìbìtì bọ ọrùn, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí á fi dìde bí ènìyàn, kí o wá fi omi ọṣẹ pa á díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Fi báírò yí i ká kó tó gbẹ, nítorí bó bá gbẹ tán, o ò ní rí i mọ́.

Ọmọ Ọbòkun, Aberdeen

Ọ̀gá, bí wọ́n ti ń ṣe é níbí gan-an nìyẹn. Mo fi méjì kún un: fi ìda oyin tàbí àbẹ́là ra eyín síìpù rẹ̀, má sì ká síìpù náà sí méjì láéláé, yíyí ni wọ́n ń yí i. Kí o tó wọ omi, lóṣòó, fa rọ́bà ọrùn díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú aṣọ náà jáde. Bó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, á sáré lọ sí ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o bá dojú sókè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lágere (oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú ilé o. Skọ́tláǹdì ni mo ti ń kọ èyí. A wọ omi lánàá, dígírì 10 ni wọ́n kà. Mo já sínú omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí wọ́n ní kí a kọ́ bí a ti ń gun ọkọ̀ padà. Lẹ́ẹ̀kíní, ojú mi nìkan ló mọ̀ pé omi tutù. Èémí mi já, mo rántí nọ́ọ̀sì, mo dojú sókè, mo kà dé ogójì, ó padà. Ara mi gbẹ láti àyà dé ẹsẹ̀.

Ọrùn nìkan ló jò. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa tú rọ́bà náà wò, ó ní etí fleece mi ló wọ abẹ́ rẹ̀ tó sì ń fa omi wọlé bí òwú àtùpà. Telọ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ jọ̀ọ́, èkejì tí ẹ ń rán fún mi, ẹ gé ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ ní ìka mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó mọ sókè ọrùn-ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á gbà á lọ́wọ́ yín.